Ṣé Ó Dúró Nínú Wọn?

Ẹni tí ó bá ti ìlú òyìnbó dé, òtútù ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Á ní omi dì nínú garawa, á ní yìnyín bo òrùlé, àwọn tí wọ́n jókòó yí i ká á sì máa mi orí. Èmi ò ní sọ̀rọ̀ òtútù. Òtútù ò ṣe mí ní nǹkan kan tí ẹ̀wù onírun ò lè tún ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ojú mi ti rí màbo, pàápàá àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní "up" àti "down" àti "off" àti "over". Wọn ò tó nǹkan lójú, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí wọ́n dá mi padà sí Inísà.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí n tó lọ. Tíṣà ni mí. Inísà ni wọ́n bí mi sí, Ìkìrun ni mo ti kàwé, Òkukù ni mo sì ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé-ìwé kan tí páànù rẹ̀ máa ń pariwo bí òjò bá ń rọ̀ débi pé a ó pa ìwé dé, a ó máa wo ara wa. Mo mọ gírámà. Mo mọ̀ ọ́n débi pé bí ọmọ bá kọ "in" síbi tí "on" yẹ kí ó wà, mo ní ẹgba kan tí mo yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Bí ọmọ Òkukù kankan tí mo nà nígbà náà bá ń ka èyí, kí ó fọkàn balẹ̀. Ọlọ́run ti bá a gbẹ̀san.

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá Akọ̀wé nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní posófíìsì Ìkìrun, ni wọ́n gbà mí nímọ̀ràn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń palẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní, "Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, má sọ Gẹ̀ẹ́sì kékeré o. Ọ̀rọ̀ gígùn ni kí o máa lò. Ibi tí aláìmọ̀kan bá ti ní 'stop', ìwọ ní 'discontinue'. Wọ́n á mọ̀ pé ilé rere lo ti wá."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá."

Màámi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń fi ewé di ọṣẹ dúdú tí mo fẹ́ kó lọ. Ọṣẹ sísè ni iṣẹ́ wọn. Ilé tí kò tíì fi ọṣẹ Màámi wẹ ọmọ kò wọ́pọ̀ ní Inísà. Wọ́n gbọ́ gbogbo ìmọ̀ràn àbúrò wọn tán, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ gígùn kì í wẹ ara. Wá gba ọṣẹ, olórí kunkun."

Kí ẹ má rò pé inú ń bí wọn. Màámi kì í fi orúkọ pè mí àfi bí àlejò bá wà nílé. Olórí kunkun, elétí dídi, abẹsẹ̀ bí ìgbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí mi káàárọ̀. Èébú wọn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ọsibítù tí mo ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú bíríkì àti èéfín. Ó ku ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà náà. Sísítà, bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù, jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Mo ń sọ pé "ó" nítorí pé kò gbọ́ Yorùbá, kò sì ní í mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró gangan níwájú rẹ̀, mo sì kó gbogbo ẹ̀kọ́ Bọ̀dá Akọ̀wé jáde. Mo ní, "Sister, I have extinguished the lamps, and I shall now commence to elevate the patients."

Sísítà wò mí bí ẹni tí ó ń wò bóyá ibà ń ṣe mí. Ó ní, "Just sit them up, Nurse, and get on with it."

Mo mọ "sit". Mo mọ "up". Ní Òkukù, ẹni tí ó bá jókòó, ìsàlẹ̀ ni ó wà. Báwo ni ènìyàn ṣe ń jókòó sókè? "Get on" tí ó tẹ̀ lé e tilẹ̀ burú jù, nítorí pé mo wo gbogbo wọ́ọ̀dù yíká, mi ò rí ohun kan tí ènìyàn lè gùn. Mo bá rẹ́rìn-ín, mo ní, "Yes, Sister," mo sì dúró síbi tí mo dúró sí.

Bí mo ṣe ra ìwé kékeré kan nìyẹn, tí mo fi sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo bá gbọ́, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín oṣù kan, "get" nìkan ti gba ojú ewé mẹ́rin. Get up, ká dìde. Get over, ká bọ́ nínú àìsàn. Get by, ká máa rí nǹkan díẹ̀ jẹ. Get away with, ká ṣe ibi kí ọwọ́ má tẹ̀ wá. Òyìnbó tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ tí òòrùn kì í wọ̀, bí mo ṣe rí i, ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó ní kò ju mẹ́wàá lọ. Ó ṣe bí obìnrin tí ó ní ìró kan ṣoṣo, tí ó fi ń pọn ọmọ, tí ó fi ń ṣe òṣùká, tí ó tún fi ń bora. Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tí ó kó wá sílé-ìwé wa, tí ó ní ká há sórí, òun fúnra rẹ̀ kì í lò ó. Ẹrù títà ni.

Mo bínú sí èdè náà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo rántí "fi" tiwa. A ń fi nǹkan sílẹ̀, a ń fi nǹkan hàn, a ń fi ènìyàn ṣeré, a ń fi ènìyàn bú, a ń fi orí tì í. Kò sí ẹni tí ó ṣàánú òyìnbó tí ó bá fẹ́ kọ́ ìyẹn. Ara mi wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdánìkanwà ńkọ́? Mo dá wà. Mo dá wà débi pé mo máa ń kí àwọn bẹ́ẹ̀dì tí kò sí ènìyàn lórí wọn. Ilé wa ní Inísà, kí ènìyàn tó dé ìdí kànga, ó ti kí ogún ènìyàn, ogún ti dáhùn, méjì ti bi í bóyá ó ti jẹun. Níbẹ̀, mo gun bọ́ọ̀sì, mo ní, "Good morning," gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ ara wọn bí ẹni pé mo béèrè ta ni ó jí ewúrẹ́.

Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé ilé nọ́ọ̀sì kò burú. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní kí n máa "drop in" nígbàkígbà. Ọmọ ilé rere ni mí; ní ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, mo wọ aṣọ mi tí ó dára jù, mo di ọṣẹ dúdú kan lọ́wọ́, mo kan ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú wọn. Ó ṣí i díẹ̀. Ó ní, "Oh." Mo ní, "I have dropped in." Ó wo ọṣẹ, ó wò mí, ó ní inú òun dùn, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí mo fi padà lọ. Èkejì ní kí a "meet up". Mo béèrè pé ọjọ́ wo. Ojú tì í.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní í purọ́. Mo pe gbogbo wọn ní òpùrọ́. Ẹ̀yìn náà ni mo wá ń rò ó, pé bí a bá ń jẹun lọ́dẹ̀dẹ̀ ní Inísà tí ẹnìkan ń kọjá lọ, ẹnu wa a máa yá láti sọ pé, "Ẹ wá bá wa jẹun." Ẹni náà á ní, "Á gba ibi ire," á sì máa lọ. Kí ni ká ti ṣe bí ó bá jókòó lóòótọ́, tí ó bọ ọwọ́ sínú àwo? Ọ̀rọ̀ tí kò sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju inú rere lọ pọ̀ lọ́wọ́ tiwa náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí wọn kò bí sí àárín wa kò ní í mọ èyí tí ó jẹ́ oúnjẹ nínú wọn àti èyí tí ó jẹ́ ìkíni.

Mi ò mọ̀ pé èmi náà ni mo kàn.

Ní ọdún kejì, wọ́n gbé arúgbó kan wá sí wọ́ọ̀dù wa. Dórótì ni orúkọ wọn, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mi ò lè la ẹnu pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ, mo bá ń pè wọ́n ní Ìyá Dórótì. Wọ́n bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní bí a ṣe ń pe ìyá ọmọ nìyẹn, a ó fi orúkọ ọmọ kún un. Wọ́n ní àwọn ò bímọ rí, kí n ṣáà máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn wọn máa ń yún wọn, mo sì fi ọṣẹ Màámi wẹ̀ ẹ́ fún wọn. Àwọn nìkan ni wọ́n ń dáhùn ìkíni mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé tíì fún Ìyá Dórótì, wọ́n tì í padà. Mo bu omi fún wọn, wọ́n bì í. Mo tún bu díẹ̀, wọ́n tún bì í. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí wọ́n tún gún àwọn lábẹ́rẹ́. Àsìkò náà ni Sísítà bá dókítà kan dé.

Sísítà ní, "How is she this morning, Nurse?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nídìí aláìsàn rí nílé wa, ẹ mọ ìdáhùn. Aláìsàn wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ là, etí rẹ̀ ń gbọ́. Ta ni yóò sọ pé àìsàn ń le sí i? Ẹni tí ó bá dán an wò ní Inísà, wọ́n á bi í bóyá òun ni ó rán àìsàn náà níṣẹ́. Bí ó ti wù kí ó rí, ara ń yá, a dúpẹ́, ó sàn ju àná lọ. Àdúrà ni a ń fi ìyẹn gbà.

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, "She is fine, Sister. She is better than yesterday. We thank God."

Dókítà kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tí ó kàn.

Kí ó tó di ọ̀sán, Ìyá Dórótì ti dákú. Wọ́n fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n sáré wọlé, wọ́n sáré jáde, mo dúró sára ògiri. Ẹ̀mí wọn ò bọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run àti fún dókítà, tí ó sọ pé bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Sísítà yọ sí mi.

Ó ní, "Ṣé ó mu tíì rẹ̀ láàárọ̀?"

Mo ní, "Rárá, Sísítà."

"Ṣé ó bì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"O sì sọ fún mi pé ara rẹ̀ yá?"

Mo fẹ́ sọ pé bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ta ni ó fẹ́ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́?

Mátírónì, ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n di ẹrù mi. Mo rò ó wò. Gbogbo ìdílé ni wọ́n sìn mí dé ibùdókọ̀ ojú irin, Bọ̀dá Akọ̀wé wọ táì, Màámi dúró síwájú gbogbo wọn, wọ́n ń bú mi kíkan-kíkan kí omi má baà jáde lójú wọn. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ó dùn mí jù. Mo fẹ́ràn arúgbó yẹn, ìwà ọmọlúàbí ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa wọ́n.

Sísítà bá mi nínú yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, níbi tí mo ti ń sunkún sára ìrọ̀rí. Kò bẹ̀ mí. Ó gbé tíì fún mi, ó jókòó lórí àpótí, ó ní kí n mú ìwé kékeré mi jáde. Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀ pé mo ní in.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, má sọ fún mi mọ́ láéláé pé ara ẹnikẹ́ni yá tàbí kò yá. Ohun tí o rí ni kí o sọ. Kọ èyí sílẹ̀."

Mo kọ ọ́. Is she sitting up? Ṣé ó lè dìde jókòó fúnra rẹ̀? Is she bringing anything up? Ṣé ó ń bì? Is she keeping it down? Oúnjẹ tí ó jẹ, ṣé ó dúró nínú rẹ̀? Has she gone off her tea? Ṣé tíì ti sú u? Sísítà ní ti tíì yìí ni kí n fi sọ́kàn jù. Ó ní obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí tíì bá ti sú, kí n má dúró bi í ní nǹkan mìíràn, kí n sáré wá pe òun.

Mo wo ojú ewé náà títí. Gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí mo ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà láti ọdún méjì, "up" àti "down" àti "off", ibi tí ara wà ni wọ́n ń sọ, àti ibi tí oúnjẹ gbà. Ọ̀rọ̀ gígùn Bọ̀dá Akọ̀wé, mi ò rí èyí tí ó lè sọ ibi tí tíì wà nínú ara arúgbó. Ó dùn mí láti gbà fún òyìnbó, ṣùgbọ́n mo gbà fún un.

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá bi mí léèrè, mo ń kà á fún un bí ẹni ń ka tábìlì ìṣirò. Ìyá Dórótì bọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé ọṣẹ dúdú kan lọ sílé wọn. Lọ́jọ́ kan, Sísítà ka ohun tí mo kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "That will do." Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì gbé ìlú òyìnbó, ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Bí Inísà ṣe ń gbé ènìyàn sórí ẹṣin yí ìlú ká nìyẹn.

Ọdún kẹta ni ìdánwò ìkẹyìn. Ó ku bí oṣù méjì kí a ṣe é nígbà tí lẹ́tà kan ti ilé dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí lẹ́tà ilé wa ṣe máa ń rí. Bọ̀dá Akọ̀wé ni wọ́n ń kọ ọ́. Apá tiwọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: "I am immensely gratified to apprise you that we are all in an excellent state of health." Apá ìsàlẹ̀ jẹ́ ti Màámi, Yorùbá gidi, nítorí pé Màámi máa ń dúró lé wọn lórí, wọ́n á ní kí wọ́n kọ ọ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu àwọn. Láti ọdún mẹ́ta, kò sí lẹ́tà tí Màámi ò ti bú mi. Wọ́n á ní, "Bi í pé ọkọ ńkọ́, àbí òun fẹ́ fẹ́ yìnyín? Sọ fún un pé fọ́tò tí ó yà ránṣẹ́, ó dúró bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù aláìsanwó rù." Mo máa ń kà á títí màá fi sùn.

Lẹ́tà ti ọ̀tẹ̀ yìí, apá òkè kò yàtọ̀. Excellent state of health. Apá ìsàlẹ̀ ní: "Màámi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní kí o fọkàn balẹ̀, kí o tẹjú mọ́ ìwé rẹ. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni ọ́, inú àwọn sì dùn sí ọ."

Ọmọ dáadáa! Mo yí ìwé náà padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá èébú kan wà níbẹ̀. Kò sí.

Mo gbé e lọ bá Sísítà nídìí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Sister, my mother has gone off insulting me."

Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Sísítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Since when?"

Òun ni ó bá mi bẹ Mátírónì kí n lo tẹlifóònù ọ́fíìsì. Kò rọrùn bí ti òde òní o. A fi wáyà ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Akọ̀wé pé ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí, kí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù posófíìsì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n fún wa, láti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé Ìkìrun. Sísítà jókòó tì mí, ó di aago rẹ̀ mú.

Ohùn wọn dé láàárín ariwo bí ẹni pé wọ́n wà nínú ìkòkò. "Hẹ́lóò! Hẹ́lóò! Ìkìrun nìyí!"

Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì Mátírónì. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bọ̀dá."

"Ọmọ mi! O kú àtijọ́! Ṣé àlàáfíà ni? Òtútù ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ wà ńkọ́? Ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ? Ìwé ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà. Bọ̀dá, Màámi ńkọ́?"

"Wọ́n wà! Ara wọn le kokooko! Wọ́n ní ká kí ẹ. Gbogbo ilé ló kí ẹ. Ìyá Ràfíù kí ẹ, Bàbá Alágbẹ̀dẹ kí ẹ, àwọn ará Igbáyé tí..."

Sísítà gbé ìka kan sókè. Ìṣẹ́jú kan ti lọ.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà rí. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ dákẹ́ ná."

"Kí lo wí?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò bi yín bóyá ara wọn yá. Kí ni Màámi jẹ lánàá?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀kọ. Díẹ̀."

"Ṣé ó dúró nínú wọn?"

"Wọ́n bì í."

"Ṣé wọ́n lè dìde jókòó fúnra wọn?"

"À ń gbé wọn jókòó ni."

"Ṣé wọ́n ń tọ̀?"

"Háà! Irú ìbéèrè wo..."

"Bọ̀dá! Ṣé wọ́n ń tọ̀?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́." Ohùn wọn ti yí padà. "Ẹsẹ̀ wọn wú. Ó ti lé lóṣù kan. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ. Wọ́n ní o ní ìdánwò, wọ́n mú mi búra."

Mo ní, "Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Lónìí, sà. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ sọ fún mi yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ sọ fún dókítà. Bí ó bá bi yín bóyá ara wọn yá, ẹ má dá a lóhùn."

Wáyà já.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Sísítà rò pé ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi mọ́. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Up you get." Èyí ò sí nínú ìwé mi, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń ṣiṣẹ́, mo ń kàwé, mo ń bínú sí Màámi, mo ń bẹ Ọlọ́run fún wọn. Àwọn tí wọ́n sọ pé inú ìlú òyìnbó ni ìgbádùn wà, wọn ò tíì jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa retí onílẹ́tà.

Lẹ́tà wá dé. Gẹ̀ẹ́sì Bọ̀dá Akọ̀wé kúrú, àkọ́kọ́ irú rẹ̀: "We took her in that same day. It is her heart. She sits up. She keeps it down." Ìsàlẹ̀ ni ti Màámi.

"Ìwọ aláìnítìjú. Ṣé ìwọ ni o bi àbúrò mi léèrè bóyá mò ń tọ̀, nínú posófíìsì, níṣojú àwọn tí wọ́n wá ra sítáǹpù? Gbogbo Ìkìrun ti mọ̀ pé mo bì. Wọ́n ti gbọ́ ọ dé Òkukù. Ẹni tí a rán lọ kọ́ ìwé, ìtọ̀ ni ó lọ kọ́. Ta ni yóò fẹ́ ẹ báyìí? Elétí dídi, abẹsẹ̀ bí ìgbálẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ lọ́nà wọ́ọ̀dù, nínú aṣọ iṣẹ́ funfun, mo sunkún bí ọmọdé. Sísítà sáré dé, ó béèrè bóyá ìròyìn burúkú ni. Mo ní, "No, Sister. She has taken it up again."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "That will do."

Mo yege. Mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà mo padà wálé, lẹ́yìn òmìnira. Ẹ wá wo èmi tí ó padà wálé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ìwà ọmọlúàbí mi ti pọ̀ jù. Ní Inísà, wọ́n ní òyìnbó ti ba ìwà mi jẹ́, pé ènìyàn ò lè kí mi kí n má bi í ní ohun tí ó jẹ lánàá àti ibi tí ó dé dúró. Àwọn ìyàwó ilé ń sá fún mi. Bí n bá ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á ní, "Ẹ yà o, oníbéèrè ń bọ̀." Mi ò wá mọ ilé tí ó ni mí dáadáa nínú méjèèjì. Mo ti gbà pé ìdajì mi á máa kúnlẹ̀, ìdajì á máa béèrè.

Ọjọ́ tí mo wọ ilé, Màámi jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, ìkòkò ọṣẹ wà níwájú wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó ń bá wọn rò ó. Wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ kú ilé. Báwo ni ara?"

Wọ́n ní, "A dúpẹ́. Ara le."

Mi ò dìde. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Wọ́n pòṣé. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó dára, gbọ́. Mo dìde fúnra mi. Mo jẹ iyán láàárọ̀, ó dúró nínú mi. Mi ò bì. Mo tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àbí kí n tún tọ̀ lójú ẹ? Ẹsẹ̀ ò wú. Ṣé ó tó, olórí kunkun?"

Mo ní, "Ó tó, mà."

Wọ́n rán ọmọ náà lọ bu eérú. Wọ́n dúró títí ó fi yí igun ilé kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa orí mi mọ́ra, wọ́n sì rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó ku ẹyọ kan. Ojú òsì yìí, láti ọdún tó kọjá ni kò ti ríran mọ́. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."